Láti Orin Arẹmọ dé Íntánẹ́ẹ̀tì: Ìtàn Bí Ẹ̀kọ́ Ilẹ̀ àti Òkun Ṣe Ń Dé Ọ̀dọ̀ Ọmọdé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004, ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 10 kan fi hàn pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ní etí òkun Mai Khao ní erékùṣù Phuket, ní orílẹ̀-èdè Thailand. Tilly Smith ni orúkọ rẹ̀. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá lo ìsinmi Kérésìmesì. Bí wọ́n ti ń rìn lórí iyanrìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Tilly ṣàkíyèsí pé omi òkun kò ṣe bí ó ti máa ń ṣe. Ó ń hó, ó ń yọ ìfófòó bí orí bíà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú ife. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ìgbà náà, olùkọ́ jọ́gíráfì rẹ̀, Andrew Kearney, ti fi fídíò kan han kíláàsì wọn nípa sùnámì tí ó kọlu erékùṣù Hawaii ní ọdún 1946. Ohun tí ọmọ náà rí nínú fídíò ni ó tún ń rí níwájú rẹ̀ yìí.

Ó figbe ta. Ìyá rẹ̀ kò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà sí, nítorí ojú ọ̀run mọ́ kedere, atẹ́gùn kò sì le. Bàbá rẹ̀ ni ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, tí ó lọ bá ẹ̀ṣọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n kó gbogbo ẹni tí ó wà ní etí òkun kúrò, àwọn tí wọ́n sì gbà là tó 100. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà ni omi dé. Ní orílẹ̀-èdè 14, àwọn ènìyàn tí ó bá ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ náà lọ tó 230,000.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí olùkọ́ yẹn kọ́ wọn, nítorí pé kì í ṣe ohun tí ó ṣòro fún ọmọdé láti lóye. Ilẹ̀ ayé tí a ń tẹ̀ yìí kì í ṣe odindi kan. Èèpo rẹ̀ pín sí awẹ́ ńláńlá bí obì, awẹ́ wọ̀nyí sì ń sún díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún. Níbi tí awẹ́ kan bá ti ń wọ abẹ́ èkejì, wọ́n lè há mọ́ ara wọn fún ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí di ọjọ́ tí wọn yóò já ara wọn sílẹ̀ lójijì. Bí ìsàlẹ̀ òkun bá gbéra sókè bẹ́ẹ̀, omi tí ó wà lórí rẹ̀ náà a gbéra. Ní àárín ibú, ìgbì yìí lè má ga tó mítà kan, àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi sì lè má mọ̀ pé ó kọjá lábẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n eré tí ó ń sá tó ti ọkọ̀ òfuurufú: ó lè ju 700 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Nígbà tí ó bá dé ibi tí omi kò jìn, iwájú rẹ̀ á dẹwọ́ nínú eré, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì máa bọ̀ kíkankíkan, omi á sì máa gun orí ara rẹ̀. Ní etíkun mìíràn, òkun a kọ́kọ́ fà sẹ́yìn débi pé ẹja á wà nílẹ̀ gbígbẹ, tí ẹni tí kò mọ̀ á sì sáré lọ ṣa á. Ní ọdún 2004, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sáré lọ ṣa ẹja báyìí tí wọn kò padà wálé.

Ní ọjọ́ kan náà, erékùṣù kan wà ní orílẹ̀-èdè Indonesia tí wọ́n ń pè ní Simeulue. Ó sún mọ́ orírun ìmìtìtì ilẹ̀ náà ju Phuket lọ fíìfíì. Omi kò fún àwọn ará ibẹ̀ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwọn tí ó ń gbé erékùṣù náà tó 78,000. Àwọn tí omi pa nínú wọn jẹ́ 7.

Kò sí fídíò ní Simeulue, kò sì sí aago ìkìlọ̀ kankan tí ó dún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní: smong. Ní ọdún 1907, òkun ti bo erékùṣù wọn rí, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Àwọn tí ó ṣẹ́kù sọ ohun tí ojú wọn rí fún àwọn ọmọ, wọ́n sọ ọ́ di ìtàn alẹ́, wọ́n sì fi í sínú orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ. Bí ilẹ̀ bá mì kíkankíkan, bí òkun bá fà sẹ́yìn, smong ń bọ̀, gun òkè lọ. Ẹ̀kọ́ náà kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún lẹ́yìn náà, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó rí ti àkọ́kọ́ tí ó ṣì wà láàyè mọ́, ilẹ̀ mì, ẹnìkan kígbe ọ̀rọ̀ yẹn, gbogbo ìlú sì gun òkè. Àrọ́bá ni baba ìtàn, àwọn àgbà wa ló wí bẹ́ẹ̀. Ní Aceh tí kò jìnnà sí wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú èdè wọn fún ohun tí ó ń bọ̀ wá bá wọn. Ní Indonesia nìkan, àwọn tí ó kú lé ní 160,000.

Ẹ̀kọ́ kan náà ni Tilly àti àwọn ọmọ Simeulue gbà, ọ̀kan láti ẹnu olùkọ́ àti inú fídíò, èkejì láti ẹnu ìyá àgbà. Bí ẹ̀kọ́ yìí ṣe wá di ohun tí ọmọdé lè rí lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù jẹ́ ìtàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú kí kọ̀ǹpútà tó dé, ní ilẹ̀ Japan.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1854, ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá kan kọlu ẹkùn tí wọ́n ń pè ní Wakayama lónìí. Hamaguchi Goryo, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n láti ìdílé oníṣòwò, wà ní abúlé Hiro nígbà tí òkun ya wọ ìlú. Ilẹ̀ ti ṣú, àwọn ènìyàn kò mọ ibi tí wọn yóò gbà. Hamaguchi dáná sun àwọn òkìtì koríko ìrẹsì tí ó wà lójú ọ̀nà kí iná náà lè tọ́ wọn sọ́nà dé orí òkè. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà tilẹ̀ ju èyí lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn ún fi kọrin: ó fi owó ara rẹ̀ san iṣẹ́ fún àwọn ará abúlé tí ó ti pàdánù ohun gbogbo, wọ́n sì mọ odi kan tí ó ga tó mítà 5, tí ó sì gùn tó nǹkan bí mítà 600. Ọdún bíi mẹ́rin ni wọ́n fi mọ ọ́n. Nígbà tí sùnámì mìíràn dé ní ọdún 1946, odi náà ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìlú náà là.

Ní ọdún 1896, sùnámì pa ènìyàn bíi 22,000 ní àríwá Japan. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni òǹkọ̀wé Lafcadio Hearn, tí ó ti di ọmọ ilẹ̀ Japan, gbé ìtàn Hamaguchi jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ó yí i padà. Ó sọ Hamaguchi di arúgbó, ó sọ pé gbogbo ìkórè rẹ̀ ni ó sun kí omi tó dé, ó sì sọ ìmìtìtì ilẹ̀ tí ó le gan-an di èyí tí kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Olùkọ́ kan láti ẹkùn Wakayama náà, Nakai Tsunezo, ka ìtàn yìí, ó gé e kúrú, ó sì kọ ọ́ ní èdè tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè gbọ́. Láti ọdún 1937 títí di 1947, ìtàn náà wà nínú ìwé kíkà tí ìjọba Japan ń tẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún. Inamura no Hi ni àkọlé rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí iná òkìtì ìrẹsì.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lè bínú sí Hearn, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí pé ọmọ tí ó ka ìtàn rẹ̀ lè rò pé ìmìtìtì tí kò le ni ó máa ń bí sùnámì nígbà gbogbo. Síbẹ̀, òun àti Nakai ni ó mú kí ọmọ tí kò rí òkun rí mọ̀ pé òkun lè ya wọ ìlú. Lẹ́yìn ọdún 1947, ìtàn náà kúrò nínú ìwé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1983, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láti orí òkè wá ṣe ìgbafẹ́ ní etí òkun Oga, ní ẹkùn Akita. Ilẹ̀ mì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni omi dé. Mẹ́tàlá nínú àwọn ọmọ náà ni kò padà sílé. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ojú ìwé kan ì bá gbà wọ́n là, ṣùgbọ́n ikú wọn wà lára ohun tí ó mú kí àwọn olùkọ́ ní Japan máa bi ara wọn léèrè ohun tí ọmọdé ń kọ́ nípa òkun.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú àwọn ọmọ yẹn, ní 1993, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mosaic jáde ní Amẹ́ríkà, ó sì jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ lè wo àwòrán àti ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ wà lára àwọn tí ó tètè rí ohun tí a lè fi í ṣe fún ọmọdé. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1994, Al Gore, igbá-kejì ààrẹ Amẹ́ríkà, kéde ètò GLOBE, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Kì í ṣe pé kí ọmọ jókòó máa kàwé nìkan ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi ọwọ́ ara wọn wọn òjò tí ó rọ̀, ooru inú afẹ́fẹ́ àti irú ilẹ̀ tí ó wà ní àgbàlá wọn, kí wọ́n sì fi iye tí wọ́n rí ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè lò ó. Orílẹ̀-èdè tí ó ti dara pọ̀ mọ́ ọn lé ní 120 báyìí.

Ọdún 1995 kan náà ni VolcanoWorld bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú owó láti ọ̀dọ̀ àjọ NASA. Ohun tí ó pa ni lẹ́rìn-ín ni pé Yunifásítì North Dakota ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbalasa tí kò ní òkè ayọnáyèéfín kankan. Ṣùgbọ́n èyí gan-an ni íntánẹ́ẹ̀tì mú wá: ọmọ tí kò ní òkè ayọnáyèéfín nílé lè wo ti Hawaii àti ti Italy ní kíláàsì rẹ̀. Àwọn ọmọ ń kọ ìbéèrè ránṣẹ́, àwọn onímọ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkẹ́kọ̀ọ́ nípa òkè wọ̀nyí sì ń dá wọn lóhùn. Àjọ tí ó ń rí sí ìwádìí ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, USGS, náà ṣí ọ̀nà irú èyí sílẹ̀: ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kọ lẹ́tà, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fèsì. Kí ó tó di ìgbà náà, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò mọ ẹnikẹ́ni ní yunifásítì kò lè ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1998, NASA gbé Space Place jáde fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú géèmù àti àlàyé kúkúrú nípa ayé, ojú ọjọ́ àti àwọn ìràwọ̀. Ìkànnì náà ní apá èdè Sípéènì, nítorí pé àwọn ọmọ tí ó ń sọ èdè náà nílé ní Amẹ́ríkà pọ̀. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tí yóò fi di 1999, USGS ti ṣe ohun kan tí ó yí ipò olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ padà díẹ̀. Wọ́n gbé ojú ìwé kan sílẹ̀ fún gbogbo Amẹ́ríkà, Did You Feel It?, tí ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ilẹ̀ bá mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pé kí ni ó rí: ṣé àwo dún nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ṣé àwòrán ara ògiri yẹ̀, ṣé oorun ni ó jí i? Ọmọ tí ó lè ka ìbéèrè lè dáhùn. Láti inú ìdáhùn ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni kọ̀ǹpútà ti ń ya máàpù ibi tí ilẹ̀ ti mì jù. Ní ọdún 2004, wọ́n ṣí i fún gbogbo àgbáyé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2005, Google Earth dé, ọmọdé sì lè fò láti orí ilé rẹ̀ lọ sí orí òkè Himalaya, kí ó rí bí odò ṣe ń ya àti bí etíkun ṣe tẹ̀.

Ìjábá ọdún 2004 fúnra rẹ̀ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn sí iṣẹ́. Ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó ń rí sí dídín ewu ìjábá kù gbé géèmù kan jáde ní ọdún 2007, Stop Disasters!. Wọ́n á fún ọmọ ní owó díẹ̀ àti àkókò díẹ̀, wọ́n á ní sùnámì ń bọ̀, tàbí ìmìtìtì ilẹ̀, tàbí ẹ̀kún omi, ìjì, tàbí iná igbó. Ọmọ ni yóò pinnu ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò wà, bóyá igi ni kí ó gbìn sí etí òkun tàbí hòtẹ́ẹ̀lì ni kí ó kọ́ síbẹ̀. Nígbà tí àkókò bá tán, omi á dé, wọ́n á sì ka òkú. Àwọn àgbàlagbà kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ òkú kò yẹ nínú eré ọmọdé. Ta ni ó ń pa àlọ́ fún ọmọdé tí ìjàpá kò ní kàgbákò nínú rẹ̀?

Gbogbo ohun wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n òpìtàn kò lè ṣàìsọ ohun tí ó tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn géèmù àti àwòrán tí ń rìn tí wọ́n ṣe fún ọmọdé láti òpin ọ̀rúndún ogún ni wọ́n fi ètò kan tí ó ń jẹ́ Flash ṣe. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Adobe tí ó ni Flash fi òpin sí i. Àwọn òkè ayọnáyèéfín tí ó ń bú gbàmù lójú kọ̀ǹpútà dákẹ́, àwọn awẹ́ ilẹ̀ tí ọmọdé ń fi èku kọ̀ǹpútà sún síwá sẹ́yìn dúró gbagidi. Àwọn àjọ tí owó wà lọ́wọ́ wọn tún tiwọn ṣe lọ́nà mìíràn. Ti ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ó fi àárọ̀ Sátidé wọn ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ parẹ́. Orin arẹmọ Simeulue lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún lẹ́nu àwọn ìyá, ó sì ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀. Àwọn ohun tí a fi Flash ṣe kò lo ọgbọ̀n ọdún.

Ṣé kí a wá sọ pé ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ kò wúlò? Ìlú Kamaishi ní Japan dá ìbéèrè yìí lóhùn lọ́nà tí ó jinlẹ̀. Fún ọdún mélòó kan ṣáájú 2011, ọ̀jọ̀gbọ́n Katada Toshitaka láti Yunifásítì Gunma ń lọ bá àwọn olùkọ́ àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìlú náà. Ó fi máàpù ewu hàn wọ́n, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má gba máàpù náà gbọ́ jù. Ó ní kí ọmọ sá, kí ó tètè sá, kí ó má dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ kan wà ní èdè ìbílẹ̀ àwọn ará etíkun yẹn, tendenko, tí ó túmọ̀ sí kí oníkálukú gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là. Ọ̀rọ̀ àtayébáyé yìí wọ inú ẹ̀kọ́ tuntun náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ mì. Ní àdúgbò Unosumai, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí wọn, wọ́n tẹ̀lé wọn, àwọn ẹ̀gbọ́n sì di ọwọ́ àwọn àbúrò mú. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ dúró sí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n tún gòkè sí i. Máàpù ti fi hàn pé omi kò ní dé ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Omi dé ibẹ̀, ó sì kọjá ibẹ̀. Ní ìlú náà, àwọn tí ó kú lé ní 1,000. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìlú náà tó 3,000, gbogbo wọn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yè tán.

Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìrántí ewu sùnámì. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ iná Hamaguchi ní ìbámu pẹ̀lú kàlẹ́ńdà àtijọ́ ilẹ̀ Japan.

Ó rọrùn fún ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá láti rò pé ìtàn ẹlòmíràn ni gbogbo èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1984, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lára ní Ìbàdàn, Ṣàgámù àti Abẹ́òkúta. Ó tún mì ní ẹkùn Ògùn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009. Kò le, ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ gbọ̀n lóru kò mọ̀ bóyá yóò le. Èyí tí ó ti pa ènìyàn gan-an láàárín wa ni omi. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ènìyàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún bo ìlú kan náà. Ọmọ Ìbàdàn tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí odò kékeré fi ń di ẹkùn ní wákàtí díẹ̀ lè rí àlàyé àti àwòrán tí ó dára lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kà á, odò Mississippi ni yóò sì máa rí nínú àwòrán. Wọn kò ní sọ fún un pé nígbà tí àkìtàn bá dí ojú omi, tí ilé sì jókòó sórí bèbè tí ó yẹ kí odò máa tẹ́ sí, òjò ọ̀sán kan tó láti mú omi wọ yàrá.

Ewu nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Ẹ̀gbá ń gun Olúmọ, ọmọ Oǹdó ń wo àwọn òkè Ìdànrè láti ojú ọ̀nà. Òkúta Ìdànrè ti lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún. Abẹ́ ilẹ̀ jíjìn ni ó wà nígbà tí ó ṣì ń yọ́ bí epo gbígbóná. Ó tutù díẹ̀díẹ̀, ó gan, òjò àti ọ̀gbàrá sì ń bó ilẹ̀ orí rẹ̀ kúrò títí ó fi yọ sí ìta. Nígbà tí ẹrù orí rẹ̀ fúyẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í là, ó ń ṣí ní èèpo bí àlùbọ́sà. Ìdí nìyẹn tí orí àwọn òkè wọ̀nyẹn fi rí roboto. Ó ṣeé sọ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ lédè Yorùbá láìlo ọ̀rọ̀ àjèjì kan.

Pé ó ṣeé ṣe, wọ́n ti dán an wò rí, ní àkókò tí kò tilẹ̀ sí kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Ní ọdún 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n ní láti kọ ìwé tuntun, wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò tíì ní orúkọ. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lédè Yorùbá ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Fafunwa di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ọdún 1990, síbẹ̀ ohun tí wọ́n rí ní Modákẹ́kẹ́ kò tàn ká bí ó ti yẹ.

Ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin èdè tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba tí ó tẹ̀lé e fagi lé e. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní àbájáde ìdánwò kò dára ní àwọn ẹkùn tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe géèmù tàbí ìkànnì kan lédè Yorùbá fún àwọn ọmọdé nípa Ògùnpa, nípa Olúmọ tàbí nípa ilẹ̀ tí ó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde kò ní rí kíláàsì tí ìjọba pa láṣẹ láti gbé e lọ. Àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ jókòó sí kíláàsì Yorùbá náà ní Modákẹ́kẹ́ ní ọdún 1970 ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Àwọn kan nínú wọn ti ní ọmọ-ọmọ tí ó ń lo fóònù.